Èèwọ̀ Kò De Ará Òkè Odò

Ẹja odò Ọ̀ṣun kì í ṣe jíjẹ ní Òṣogbo. A ń jẹ ẹja o. Ẹ wá sí Ọjà Ọba ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ó rí àrọ̀ gbígbẹ tí wọ́n ká kòró sórí àtẹ, ẹ ó rí ẹja yìnyín tí wọ́n ń já láti inú páálí. Èyí tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú odò tó gba ẹ̀gbẹ́ ìlú wa kọjá ni ẹnikẹ́ni kì í ju ìwọ̀ sí. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọ̀nà ilé-ìwé mọ̀ ọ́n. Mùsùlùmí ni gbogbo agbolé tí wọ́n ti fẹ́ mi, láti orí bàbá ọkọ mi àgbà, wọn kì í sì í pa ìrun Jímọ̀ jẹ. Síbẹ̀ n kò rí ẹni tó gbé ẹja Ọ̀ṣun wọlé nínú wọn rí. Bí ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní àwọn kò bọ òrìṣà. Bí ẹ bá ní kí wọ́n wá lọ da àwọ̀n sódò nígbà náà, wọ́n á béèrè lọ́wọ́ yín bóyá ẹ ti jẹun.

Ẹja yìí ló sọ ọba wa lórúkọ. Ìtàn náà kò ṣàjèjì sí yín, n kò ní fi gùn: Láróòyè kó àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò ní Ìpolé nítorí ọ̀dá omi, ọdẹ kan tó ń jẹ́ Olútìmẹ́hìn wà pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n dé etí Ọ̀ṣun, wọ́n bá yèyé odò mulẹ̀. Nígbà tí ọba rúbọ sódò, ẹja ńlá kan yọrí, ó pọ omi sí i lọ́wọ́, ó sì mu ún. Láti ọjọ́ náà ni oyè Àtáọ́ja ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ọba gbà lọ́wọ́ ẹja ni ìlú ń san padà láti ìgbà náà wá, nípa pé a kò fọwọ́ kan ọmọ ẹja.

Báyọ́lọ́jì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò sì bọ odò. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń wò ó bí ìlú àti ẹranko ṣe ń gbé pọ̀ lábẹ́ èèwọ̀, nílé àti lẹ́yìn odi, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì ń dà mí láàmú nínú gbogbo rẹ̀. Ta ni èèwọ̀ náà dè? Èyí tó ń kọ̀ fún mi láti jẹ ẹja, ṣé ó ń kọ̀ fún ẹni tó wà lókè odò láti da májèlé sí i?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín dé ilé wa ná.

Ọgbà igbó Ọ̀ṣun kò jìnnà sí wa, àwọn ọ̀bọ inú rẹ̀ sì mọ ilé wa ju akọ̀wé owó-orí lọ. Ẹ̀yà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní mona ni wọ́n. Ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ikùn rẹ̀ funfun, àmì funfun méjì sì wà ní ìbàdí rẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún ìrù, ọ̀kan lápá òsì. Àmì yẹn ni kí ẹ fi dá a mọ̀. Ó tún ní àpò nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bó bá wọlé jalè, kì í dúró jẹ ẹ́. Á rọ́ ọ sẹ́nu títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ á fi wú, á sáré gun igi, ibẹ̀ ni yóò ti máa rún un díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń wo ẹni tó jà lólè. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe èso inú igbó. Ó ń já a níbì kan, ó ń tu kóró rẹ̀ sí ibòmíràn, kóró á hù. Oríṣi ewéko tó lé ní 400 ló wà nínú igbó náà. Ọ̀bọ wà lára àwọn tó gbìn ín.

Ẹni tí wọ́n bá kó èlùbọ́ rẹ̀ lórí àpáta kì í rántí kóró igi. Mo ti rí ìyá àgbà tó gbé orógùn lé ọ̀bọ, tó ń ṣépè fún un láti ìran dé ìran, tí orógùn náà kò sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bí èèwọ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá rò pé ẹranko òrìṣà ń gbé láàárín wa bí ọmọlójú, kò bá a gbé rí ni. A ń bínú sí wọn, a ń dí fèrèsé, a ń fi òkúta tẹ ìdérí ìkòkò mọ́lẹ̀. A kì í kàn án pa wọ́n ni.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún ọ̀kadà ṣe yá yàrá lọ́dọ̀ wa nígbà kan, ọmọ ìlú òkèèrè ni. Ọ̀bọ wọlé tọ̀ ọ́, ó kó ẹ̀bà rẹ̀, ó tún da ọbẹ̀ nù. Ó mú kàtápọ́ọ̀tù jáde. Baálé wa tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà gbé ọwọ́ sókè.

"Má sọ ọ́ lókò. Ti Yèyé ni."

"Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ta ni Yèyé?"

"Ṣé o rí i, òun ló ni ibi tí o dúró sí yẹn."

"Bàbá, ó jẹ ẹ̀bà mi tán pátápátá ni."

"Ẹ̀bà rẹ ló kọ́kọ́ dé àdúgbò yìí ni àbí òun?"

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fi kàtápọ́ọ̀tù sápò. Ọ̀wọ̀ bàbá ló jẹ́ kó fi í sápò. Yèyé kò kàn án. Ìbéèrè rẹ̀ yẹn, ta ni Yèyé, ti wà lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà, nítorí ẹni tó bá bi í tọkàntọkàn kò sí lábẹ́ èèwọ̀, bó ti wù kó jẹ́ ọmọlúàbí tó.

Kò sì yẹ ká máa sọ ọ́ bíi pé èèwọ̀ wa kò já rí. Ó já. Ní àwọn ọdún 1950, ojúbọ ti ń wó nínú igbó Ọ̀ṣun, ọ̀pọ̀ àwòrò ti kúrò níbẹ̀, ọmọ ìlú ń dẹ̀gbẹ́, wọ́n ń pẹja, wọ́n ń gé igi, wọ́n ń jí ère kó. Wọ́n ti ro apá kan igbó náà, wọ́n gbin tíìkì síbẹ̀. Àwọn tó ṣe gbogbo èyí kì í ṣe àlejò. Ọmọ àwọn tó ń bẹ̀rù odò ni wọ́n, tí ẹ̀sìn tuntun àti owó igi ti gba ẹ̀rù náà lọ́kàn wọn.

Àkókò yẹn ni Susanne Wenger wọ ìtàn náà, ayàwòrán tí wọ́n bí ní ìlú Graz ní Austria ní 1915, tó dé Nàìjíríà ní 1950, tí àwa ń pè ní Àdùnní Olórìṣà. Òun àti àwọn oníṣẹ́-ọnà wa, Adébísí Àkànjí tí í ṣe bíríkìlà tẹ́lẹ̀ wà nínú wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í fi amọ̀ àti sìmẹ́ńtì tún ojúbọ kọ́, wọ́n ń mọ ògiri, wọ́n ń mọ ère gàgàrà sí ibi tí àwọn tó ń tajú sílẹ̀ ti fẹ́ wọlé. Ẹni tó fẹ́ gé igbó tí kò lórúkọ kò ní ìdààmú. Ẹni tó fẹ́ wó ère tó ga ju ilé lọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wojú ìlú. Ní 1965, ìjọba kéde apá kan igbó náà gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní 1992 wọ́n nà án dé gbogbo hẹ́kítà 75. Ní 2005 àjọ UNESCO kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé. Àdùnní kú ní oṣù kìn-ín-ní 2009, ó ti pé ẹni ọdún 93.

Mo máa ń gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé òyìnbó ló gba igbó wa là. Mo tún ń gbọ́ tí àwọn mìíràn ń sọ pé òrìṣà fúnra rẹ̀ ló jà. N kò gba èyíkéyìí nínú méjèèjì. Àwọn àwòrò àtàwọn olórìṣà tí kò sá lọ ló fi ọ̀nà hàn án, ọba fọwọ́ sí i, àwọn bíríkìlà àti agbẹ́gilére lo apá wọn, ìwé òfin wá dé lẹ́yìn wọn. Bí a bá yọ ọ̀kan kúrò, oko tíìkì ni à bá máa bá níbẹ̀ lónìí.

Irú ìtàn yìí kan náà wà ní àárín gbùngbùn Ghana, lágbègbè Nkoranza, ní ìlú méjì tó fara kan ara wọn, Boabeng àti Fiema. Mo ti dé ibẹ̀. Oríṣi ọ̀bọ méjì ló ń gbé inú igbó wọn. Ọ̀kan jẹ́ ìbátan mona tiwa, olè bíi tiwa. Ìkejì dúdú, ó ga, ìrù rẹ̀ gùn, ó sì funfun, irun funfun yí ojú rẹ̀ ká, orí igi gíga ló sì fẹ́ràn. Ewé ló ń jẹ jù. Ikùn rẹ̀ pín sí yàrá yàrá bíi ti màlúù, kí àwọn kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ lè bá a lọ ewé náà. Kò ní àtàǹpàkò. Mo tọ́ka sí i, mo sì bi ọmọkùnrin tó ń mú wa kiri pé kí ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n kó tó dáhùn ni mo ti mọ ohun tí mo ń wò. Edun ni. Èmi tí mo bí Táyé àti Kẹ́hìndé, tí mo ti ń kì wọ́n ní ọmọ edun láti ọjọ́ ìkómọ, tí wọ́n ti kìlọ̀ fún pé ẹran ọ̀bọ kò gbọ́dọ̀ kan ètè mi mọ́, Ghana ni mo ti kọ́kọ́ fojú kan edun. Oríṣi tó wà ní Boabeng yìí wà lára àwọn ọ̀bọ tó sún mọ́ àkúrun jù lọ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ó dùn mí díẹ̀ pé àwọn ará Bono ló ń bá wa tọ́jú ìbátan àwọn ìbejì wa.

Ìtàn ìdásílẹ̀ tiwọn ni pé ọdẹ ló kọ́kọ́ bá àwọn ọ̀bọ nínú igbó, tí wọ́n yí ohun kan ká tí a fi aṣọ funfun wé. Ó gbé òrìṣà náà wálé, Daworoh ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ka àwọn ọ̀bọ sí ọmọ rẹ̀. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá rí òkú ọ̀bọ, yóò ránṣẹ́ sí àwòrò. Wọ́n á fi aṣọ funfun dì í, wọ́n á sin ín sí ibi ìsìnkú tí wọ́n yà sọ́tọ̀, níbi tí wọ́n ti sin àwọn àwòrò tó ti kú náà sí. Mo wo àwọn ibojì náà. Kékeré ni wọ́n, wọ́n sì mọ́ ju ọ̀pọ̀ itẹ́ òkú ènìyàn tí mo ti dé lọ.

Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún 1970, ìjọ Kírísítì kan fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọmọ ìjọ náà ní ọ̀bọ kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni, ẹran ni, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa á. Ẹ wò ó dáadáa: ọmọ ìlú ni wọ́n, ilé baba wọn ni wọ́n ń gbé, kò sí ẹni tó lè lé wọn. Àwòrò kò lè fi Daworoh dẹ́rù ba ẹni tó ti ní Daworoh kò sí. Àwọn àgbà ìlú kò jókòó máa ṣépè. Wọ́n bá àwọn òṣìṣẹ́ ẹranko ìgbẹ́ ti ìjọba sọ̀rọ̀, ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Nkoranza sì ṣòfin ní 1975 pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pa ọ̀bọ lágbègbè náà. Láti ìgbà náà, ẹni tí kò bẹ̀rù òrìṣà ń bẹ̀rù ìtanràn. Àwọn ọ̀bọ ti pọ̀ sí i. Àlejò ń sanwó wọlé wò wọ́n, wọ́n sì ń pín lára owó náà fún àwọn ìlú. Àwọn kan ṣì ń kùn pé owó tó ń kàn wọ́n kò tó iṣu tí ọ̀bọ ń jẹ, mo sì gbà wọ́n gbọ́.

Mo ti dárúkọ ẹ̀rù tó kúrò lọ́kàn ọmọ ilé. Ẹni tí ẹ̀rù náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rí tún wà, ìlú Ouidah ní orílẹ̀-èdè Benin ló sì kọ́ mi ní tirẹ̀.

Ere ni wọ́n ń bọ ní Ouidah. Dangbé ni wọ́n ń pè é. Ilé rẹ̀ wà láàárín ìlú, ó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Kátólíìkì tí wọ́n kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, títì nìkan ló wà láàárín wọn. Ẹ wọlé, ẹ ó bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ ere tí wọ́n lọ́ mọ́ ara wọn nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò gùn bíi òjòlá. Kò ní oró. Bí ẹ̀rù bá bà á, kì í bu ènìyàn jẹ, á ká ara rẹ̀ jọ rogodo, á fi orí pamọ́ sáàárín. Abo rẹ̀ ń yé ẹyin díẹ̀, á sì ká mọ́ wọn bí oṣù méjì títí wọn yóò fi pa. Eku ló ń jẹ, àgbẹ̀ tó bá mọ iye tí eku ń jẹ ní àká yóò kí i káàbọ̀. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ a máa tú u sílẹ̀ lóru láti lọ wá oúnjẹ. Ẹni tó bá jí tó bá ere lábẹ́ ibùsùn ní Ouidah kì í pariwo. Á gbé e wọ́rọ́wọ́rọ́, á dá a padà sílé rẹ̀.

Ìbọ̀wọ̀ yìí ti pẹ́. Oníṣòwò ará Holland kan, Willem Bosman, kọ ọ́ sínú ìwé tó jáde ní 1704 pé ní 1697, ẹlẹ́dẹ̀ kan jẹ ere kan ní ìjọba Ouidah, ọba sì pàṣẹ kí wọ́n pa gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ tó wà nílẹ̀. Àwọn Hweda ló ni ilẹ̀ náà nígbà yẹn, Savi sì ni olú-ìlú wọn. Èyí tó wúwo jù ṣẹlẹ̀ ní 1727, nígbà tí Agaja ọba Dahomey kó ogun wá. Odò kan wà lọ́nà tí àwọn ọmọ-ogun gbọ́dọ̀ là kọjá. William Snelgrave, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi tó ń ṣòwò ẹrú létí òkun náà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé dípò kí àwọn Hweda kó ọmọ-ogun sí ibẹ̀, ere ni wọ́n gbé sétí odò láti dènà. Àwọn ará Dahomey kọjá. Wọ́n wọ ìlú, wọ́n gbé àwọn ere sókè ní ìbàdí, wọ́n ní bí wọ́n bá jẹ́ òrìṣà, kí wọ́n fọhùn, kí wọ́n gba ara wọn. Wọ́n bẹ́ wọn lórí, wọ́n yan wọ́n jẹ.

Mo ti ka ìtàn yẹn fún àwọn ọmọ kíláàsì mi rí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Èmi kò rí ẹ̀rín níbẹ̀. Àwọn Hweda kì í ṣe òmùgọ̀. Ohun tó ń dáàbò bò wọ́n láàárín ara wọn ni wọ́n rò pé yóò dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ ẹni tí kò bá wọn mulẹ̀. Ìbọ ere kò sì parẹ́ lẹ́yìn náà. Ó la ogun já, ó wọ ọkọ̀ ẹrú dé Haiti àti Brazil, ó sì wà ní Ouidah títí di òní.

Àwọn tó ń kọjá odò náà lónìí kò gbé ìbọn. Ere kan náà tí wọ́n ń dá padà sílé rẹ̀ jẹ́jẹ́ ní Ouidah, òun ni wọ́n ń wú láti inú ihò ní àwọn abúlé Togo, Benin àti Ghana, abo tó lóyún àti ẹyin rẹ̀, tí wọ́n ń tà sí Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Yúróòpù fún àwọn tó ń fi ejò ṣe ohun ọ̀sìn nínú ilé. Èyí tó wà lákọsílẹ̀ pé ó gba ọ̀nà òfin kọjá láti 1975 lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta. Ọdẹ tó ń wú ihò náà kì í ṣe ọmọ Dangbé. Kò ṣẹ̀, nítorí kò sí lábẹ́ èèwọ̀ kankan.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrà díẹ̀. Ní 2019, ìròyìn kárí ayé pé ìjàpá ààfin Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń pè ní Alágbà ti kú, ààfin sì ní ọmọ ọdún 344 ni. Àwọn ènìyàn jiyàn lórí ọjọ́ orí yẹn gan-an, èmi náà kò sì gbà á: ìjàpá irú rẹ̀ kì í dàgbà tó ìdajì iye yẹn. Ṣùgbọ́n iyàn náà kò bí mi nínú tó ohun kan tí n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè. Ìlú bọ̀wọ̀ fún ìjàpá kan ṣoṣo, wọ́n ń bọ́ ọ, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ bí ìjòyè, àlejò ń wá wò ó. Ó kú, ó tán. Kò sí ọmọ, kò sí pápá. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹranko bá ìlú yín pẹ́, ẹ fún un ní ilẹ̀ tó lè ti bímọ. Ohun tí igbó Ọ̀ṣun fi ju ààfin Ògbómọ̀ṣọ́ lọ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ti yí igbó tiwa náà ká, tí àwọn ọ̀bọ kò rí ibi fẹ́ aya mọ́ ju inú ẹbí wọn lọ.

Ọ̀rọ̀ mi dé òkè odò wàyí. Bàbá mi ọmọ Òṣogbo ni, ìyá mi ọmọ Ìjẹ̀ṣà, nítorí náà ẹ̀yìn méjèèjì ni mo lè bá sọ̀rọ̀ láìtijú.

Ọ̀ṣun ń ti Ìgẹ̀dẹ̀ Èkìtì wá, àwọn odò tó ń dà sínú rẹ̀ láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà sì pọ̀. Wúrà wà nínú ilẹ̀ yẹn. Wọ́n ti ń wà á díẹ̀díẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí ó di ìdàgìrì: katakata wọ etí odò, wọ́n ń gbẹ́ ẹrẹ̀, wọ́n ń fi omi fọ̀ ọ́, omi ìdọ̀tí náà ń ṣàn padà. Omi tí mo fi ṣeré lọ́mọdé, tí mo ń rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn, ti di àwọ̀ tíì oníwàrà, lẹ́ẹ̀rùn lójò. Ẹrẹ̀ yẹn nìkan ti tó láti pa ẹja. Ó ń dí ìjàgbọ̀n tó fi ń mí, ó ń dènà ìmọ́lẹ̀ tí ewéko inú omi fi ń dàgbà.

Mẹ́kúrì burú jù ú lọ. Àwọn tó ń wa wúrà ń lò ó nítorí pé ó máa ń lẹ̀ mọ́ èérún wúrà kó lè di odidi. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi iná sí i, mẹ́kúrì á gba inú èéfín lọ, wúrà á kù. Èyí tó bá dànù wọ odò. Kòkòrò àìfojúrí inú ẹrẹ̀ á yí i padà sí irú èyí tó lè wọnú ẹran ara kó má tètè jáde. Ẹja kékeré á jẹ kòkòrò, ẹja tó jù ú lọ á jẹ ẹ́, bí ẹja bá ṣe tóbi tó, tó sì ṣe dàgbà tó, ni mẹ́kúrì ara rẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó. Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Ẹja tí ẹnikẹ́ni kì í pa ló ń dàgbà jù. Òye tí a fi dá a sí láti ayé Láróòyè ni yóò sọ ara rẹ̀ di ibi tí májèlé ń kó jọ sí.

Ní oṣù kẹjọ 2022, kí ọdún Ọ̀ṣun tó pé, ìjọba ìpínlẹ̀ kéde pé kí àwọn ènìyàn má mu omi náà. Wọ́n mu ún. Mo rí wọn pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́, àwọn mìíràn láti òkè òkun, àwọn obìnrin tó ń tọrọ ọmọ sì pọ̀ nínú wọn. N kò lè bínú sí ẹni tó ń wá ọmọ. Ṣùgbọ́n ọmọ inú oyún ni mẹ́kúrì ń bà jẹ́ ju gbogbo ènìyàn lọ, ọpọlọ rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ mú. Olùkọ́ báyọ́lọ́jì ni mí, n kò lè dákẹ́ lórí ìyẹn nítorí pé a wà níbi ọdún.

Àtáọ́ja kò lè pàṣẹ ní Àtàkúnmọ́sà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ní agbára pátápátá lórí ohun tó wà nínú ilẹ̀, nítorí òfin Nàìjíríà ti fi kùsà sábẹ́ Àbújá. Ẹni tó gba ìwé àṣẹ ní Àbújá lè máà tíì gbọ́ orúkọ Ọ̀ṣun rí. Àwa tí èèwọ̀ dè wà nísàlẹ̀, àwọn tí kò dè wà lókè. Bí a bá fi gbogbo ọdún rúbọ sétí odò ní Òṣogbo, tí a kò rán ẹnì kan lọ sí òkè, ere la gbé dènà ọmọ-ogun Dahomey yẹn.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi kò dojú kọ àwọn ará Òṣogbo. Àwọn ti ṣe tiwọn. Ẹ̀yin aṣòfin tí a rán lọ sí Àbújá, ẹ wádìí iye ìwé àṣẹ wúrà tó wà lórí àwọn odò tó ń dà sínú Ọ̀ṣun, kí ẹ sì kà á sí gbangba fún wa lórúkọ lórúkọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ fún ọdún, ẹ má fún ọ̀bọ ní bísíkíìtì, ẹ wo odò, ẹ kí i, ẹ mu omi tí ẹ gbé wá láti ilé. Ẹ̀yin onílẹ̀ ní Ìjẹ̀ṣà, ẹ̀yin ẹbí ìyá mi, bí ẹnikẹ́ni bá wá fi owó lọ̀ yín lórí ilẹ̀ etí odò, ẹ kọ́kọ́ bi í ibi tí omi tó máa fi fọ wúrà yóò gbà. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ dá owó rẹ̀ padà fún un.